Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ Ní Ìsọdá

Ìró kan wà tí mo ṣì máa ń gbọ́ bí mo bá jí láàárọ̀ kùtùkùtù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó jọ ọ́ nílé tí mo ń gbé báyìí. Ìró omi ni, omi tí wọ́n ń dà gba ojú aṣọ sínú ìkòkò. Kì í dún bí omi tí a kàn dà lásán. Á máa kán díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ro ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́. Nílé wa ní Ìdèrè, ìró yẹn ló máa ń ṣáájú ìgbálẹ̀ ìyá mi tí gbogbo àdúgbò ń fi orúkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè ní Ìyá Ṣadé, ó sì máa ń ṣáájú ikọ́ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi. Lẹ́yìn náà ni a óò wá gbọ́ ohùn bàbá mi tó ń kọ orin ìsìn bó ṣe ń wẹ̀, torí tíṣà ni, kì í sì í fẹ́ pẹ́ dé ilé-ìwé. Èmi ni mo máa ń sẹ́ omi náà. Iṣẹ́ mi nìyẹn lọ́dún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, mo sì ń fi ṣe fọ́ńté láàrin àwọn ẹgbẹ́ mi, nítorí pé aṣọ tí mo fi ń sẹ́ ẹ kì í ṣe aṣọ ayé yìí. Láti Ìsọdá ni wọ́n ti fún wa.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé Ìsọdá ti wà lọ́nà ìlú Tápà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ju ọdún díẹ̀ lọ kí wọ́n tó bí mi, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ni àwọn ọdẹ tó ń sun igbó rí àwọn ènìyàn tó ń jáde láti inú pàlàpálá àpáta ńlá kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí èrò tó ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yìn ni gbogbo wọn gbé ẹrù sí, kò sí ẹnì kan tó ru nǹkan. Wọ́n ní ayé mìíràn làwọn ti wá, ayé tó fara ti tiwa bí yàrá ṣe ń fara ti yàrá, tó jẹ́ pé ògiri kan ṣoṣo ló wà láàrin, ayé náà sì ti gbẹ. Ìwọ̀nba tí wọ́n sọ nìyẹn. Àwọn àgbà ìlú fún wọn ní ilẹ̀ nídìí àpáta náà, wọn ò sì wádìí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí Ìyá Àgbà máa ń sọ pé a kì í tú ẹrù àlejò wò lójúde. Ní ti ìrísí, wọn ò yàtọ̀ sí wa tó bí ènìyàn ṣe lè rò. Òjìji wọn nìkan ló máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó tẹ̀lé wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dìde, òjìji rẹ̀ á ṣì jókòó níbẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè fi sín lẹ́ẹ̀kan, kó tó dìde. Àwa ọmọdé máa ń sáré lọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọn kì í bínú sí wa.

Wọ́n ní orúkọ kò lè la àpáta yẹn kọjá. Orúkọ tí oníkálùkù ń jẹ́ lọ́hùn-ún, ọ̀hún náà ló kù sí. Nítorí náà, òfin wọn ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ bu omi fún àlejò mu ni yóò sọ ọ́ lórúkọ, ilé ẹni náà ni yóò sì jẹ́ ilé onílé rẹ̀ títí ayé. Àwọn ará Ìdèrè fi èyí ṣẹ̀fẹ̀ títí. Ahun ọkùnrin kan gbé igbá omi fún ẹnì kan nínú wọn, ó ní, “Má mu ún tán o.” Bí ọkùnrin náà ṣe di Mámután nìyẹn. Ó jẹ́ Mámután títí ó fi di ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí i ní Ìsọdá, torí pé lójú tiwọn, ẹ̀bùn ni orúkọ, a kì í sì í yẹ ẹ̀bùn wò lójú ẹni tó fún ni.

Ìjọba wọn tilẹ̀ tún jẹ́ àwàdà sí i lójú wa. Wọn ò ní ọba. Láàrin ìlú wọn, wọ́n ri ìkòkò kan mọ́lẹ̀ tó tóbi débi pé ọmọdé lè wẹ̀ nínú rẹ̀, agbo ilé ni wọ́n sì kọ́ yí i ká. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ka ọ̀sẹ̀, bí a ṣe ń ná ọjà, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹni tó ń jẹ ìjọba rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kìíní, olórí ọ̀sẹ̀ yóò lọ sí odò, yóò pọnmi kún ìkòkò náà fúnra rẹ̀ fún gbogbo ìlú. Títí omi yóò fi kan ẹnu ìkòkò, kò gbọdọ̀ pàṣẹ fún ewúrẹ́ pàápàá. Orúkọ ẹni náà ni wọ́n ń fi pe ọ̀sẹ̀, bí ìyípo bá sì tún kàn án, orúkọ náà ni wọn óò tún pè é, kódà lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bàbá Sámúẹ́lì, tó jẹ́ àgbà nínú ìjọ wa, kì í lè pa ẹnu mọ́ bí a bá ti dárúkọ Ìsọdá. Á ní, “Ìjọba apọnmi. Ọba tí ọrùn ń dùn.” Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, á sì sọ pé, “Bàbá Sámúẹ́lì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ alága ìdàgbàsókè ìlú, korobá omi mélòó lẹ ti pọ̀n fún wa?” Àwọn méjèèjì á jọ rẹ́rìn-ín.

Àlejò tiwa kò bá àwọn àkọ́kọ́ wá. Obìnrin ni. Ìyá Àgbà ló pàdé rẹ̀ lọ́nà ọjà Tápà tí eruku àpáta ṣì wà nírun rẹ̀, tó bu omi fún un, tó sì sọ ọ́ ní orúkọ ọmọbìnrin òun tó ti kú lọ́mọdé. Orúkọ náà, n kò tí ì ní ẹnu láti pè é níbi tí ìtàn yìí dé. Àlejò wa ni màá máa pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àǹtí ni mo ń pè é nígbà náà. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló máa ń wá sílé wa. Á bá wa bó ẹ̀gúsí lábẹ́ igi máńgòrò, á jẹ àmàlà láfún tó bá gbóná débi tí àwa fi ń fẹ́ ẹ lẹ́nu, á sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi kó lè kọ́ ọ ní ìwé. Lọ́dún yẹn, wọ́n ti gbà ní Ìsọdá pé kó ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ tuntun kún ìyípo nítorí rẹ̀, kí orúkọ ọmọ Ìyá Àgbà lè wọ inú kàlẹ́ńdà wọn. Ìṣòro kan ló wà. Orí ni wọ́n ti pinnu láti máa fi pọnmi ìjọba, kí àwọn náà lè ṣe bí a ti ń ṣe nílẹ̀ tí wọ́n bá, àlejò wa kò sì mọ ẹrù rù.

Ìyá Àgbà hun òṣùká fún un, ó sì ń kọ́ ọ káàkiri àgbàlá. Ìkòkò mẹ́ta ló fọ́.

“Ọrùn ẹ le bí òpó ilé,” Ìyá Àgbà á wí.

“Ẹ̀yin lẹ ní kí n má mì í, Ìyá.”

“Mo ní kó o má mì í. N ò ní kó o kú.”

Èmi náà á fi igbá òfìfo sórí, màá máa rìn níwájú rẹ̀, màá ju ìdí sọ́tùn-ún sósì. “Àǹtí, bí mo ṣe ń ṣe ni kẹ́ ẹ ṣe.” Á wò mí, á tẹ̀lé mi, òjìji rẹ̀ á máa tẹ̀lé e lẹ́yìn pẹ̀lú ìkòkò tirẹ̀ lórí, tó jẹ́ pé bí omi bá dà lára rẹ̀ tán, a óò wá rí i kó dà lára òjìji náà. A máa ń rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa dùn wá. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo ń kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé àwọn ènìyàn rò pé ẹni tí a kò fẹ́ràn ni a ń ṣe níbi.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ dé. Odò ti ń gbẹ, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ sì kó jọ sínú kòtò kan lẹ́bàá òkúta. Mo rò ó pé bí mo bá ní nǹkan tó fẹ́lẹ́ tó sì gbòòrò, màá kó wọn ní àkótán. Mo ń wo aṣọ asẹ́ tó wà lórí okùn. Ìkìlọ̀ wà lórí aṣọ yẹn o. Kò sẹ́ni tó lè hun irú rẹ̀ níhìn-ín, ẹyọ kan ni wọ́n fún ilé onílé kọ̀ọ̀kan, Ìyá Àgbà sì mọ iyì rẹ̀ ju gbogbo wa lọ, torí sòbìà ti mú un rí láti inú omi odò, ó fi odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan wọ́ ìdí nílẹ̀. Mo mú aṣọ náà. Mo kó ẹja bí ẹ̀kúnwọ́ méjì. Nígbà tí mo fà á jáde, ẹ̀gún kan gbá a mú, ó sì ya láti etí dé etí. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń so ó pọ̀, ó ń tú. Níkẹyìn, mo ká a, mo tì í sábẹ́ ilé adìyẹ, mo da ẹja náà nù. N kò tilẹ̀ jẹ ẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni àlejò wa ru omi láti odò dé ilé wa láìda ẹyọ ẹ̀kán kan. Mo rí i bó ṣe ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, apá rẹ̀ méjèèjì sọ̀ sílẹ̀, ọrùn rẹ̀ rọ̀, ó ń rìn bí ọmọ Ìdèrè. Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́. Ìyá mi kí i ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Ó sọ omi náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, “Ó di ọwọ́ rẹ, olùkọ́ mi,” ó sì bá Ìyá Àgbà wọlé lọ jẹun. Èmi nìkan kù pẹ̀lú omi. Mo lè ké pe ẹnì kan nígbà yẹn. Dípò bẹ́ẹ̀, mo wò yíká, mo sì dà á sínú ìkòkò mímu bẹ́ẹ̀, láìsẹ́. Ó dún gbuu. Ó yà mí lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó gbọ́ pé ìró náà yàtọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Bàbá Sámúẹ́lì yà sọ́dọ̀ bàbá mi. Wọ́n bu omi fún un. Ó gbé e sẹ́nu, ó gbé e kúrò, ó tẹjú mọ́ inú ife, ó sì gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Légbénlègbé kan, ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tí kò tí ì hu ẹsẹ̀, ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀.

“Bàbá Ṣadé,” ó wí, “ta ló fẹ́ fi sòbìà pa mí nílé yín?”

Ojú ti bàbá mi. Ó pè mí. “Ta ló pọn omi yìí?”

“Àǹtí ni, sà.” Òótọ́ ni.

“Ta ló sẹ́ ẹ?”

“Àwọn náà ni. Wọ́n ní àwọn á ṣe é, kí n lọ ṣeré.”

“Aṣọ asẹ́ ńkọ́?”

“Wọ́n mú un lọ.”

Bí irọ́ mẹ́ta ṣe bọ́ láti inú ìbẹ̀rù ẹyọ kan nìyẹn. Mo rò pé yóò parí síbẹ̀, pé àwọn àgbà á kùn díẹ̀, wọn á sì gbàgbé. N kò mọ̀ pé Bàbá Sámúẹ́lì yóò gba Ìsọdá lọ kó tó padà sílé rẹ̀, n kò sì mọ̀ pé láàrin wọn, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tó tó kí ènìyàn gba ohun tó ti fún onílé rẹ̀ padà.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n jókòó yí ìkòkò ńlá wọn ká. Ọ̀sẹ̀ Mámután ni. Ó ti dàgbà, ọrùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n nítorí omi tó ti pọ̀n. Òfin wọn ni pé bí ọ̀ràn bá wà láàrin àlejò àti onílé, ọmọ inú ilé onílé náà ni wọn óò bi, ìbéèrè kan ṣoṣo, wọn kò sì gbọdọ̀ yẹ ìdáhùn rẹ̀ wò. Kì í ṣe pé wọ́n rò pé ọmọdé mọ́. Ohun tí wọ́n gbà ni pé irọ́ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ bí iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ó sì máa ń pẹ́ kí ènìyàn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Bàbá mi na ẹ̀wù mi tó rún. Ó sọ sí mi létí pé kí n sọ̀rọ̀ sókè, bí ìgbà tí mo bá ń ka ẹsẹ Bíbélì ní ìkórè.

“Ọmọ onílé,” Mámután wí, “ta ló mú aṣọ náà?”

Mo wo àlejò wa. Ojú rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀, bí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé olùkọ́ òun ló fẹ́ sọ̀rọ̀.

“Àǹtí ni,” mo wí. Mo sọ ọ́ sókè. Ohùn mi já gaara.

Ó dìde. Ó ní, “Mo gbọ́ ohun tí ọmọ onílé mi sọ. Mo dúpẹ́.” Bí wọ́n ṣe máa ń dá ẹlẹ́rìí lóhùn nìyẹn, kò fi kún un, kò sì yọ kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gba ẹ̀bùn rẹ̀ padà, wọn óò gba ẹ̀bùn tirẹ̀ náà padà. Wọ́n bu omi sínú igbá fún Ìyá Àgbà. Wọ́n ní kó pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan, kó sì mu omi náà. Ìyá Àgbà pè é. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí ọmọ yẹn ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó mu omi náà tán, ó sì gbé igbá dojú dé. Nígbà tí àlejò wa jáde kúrò nínú agbo, òjìji rẹ̀ ṣì dúró níwájú mi fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀, kó tó yí padà tẹ̀lé e. N kò lè tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tí kò lórúkọ, wọn kì í lé e nílùú. Wọn kàn kì í lè pè é ni. Kò sẹ́ni tó lè pè é wá jẹun, tàbí pè é sí iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ ìjọba tí wọ́n ti là sílẹ̀ fún un kò sì lè jẹ́ tirẹ̀ mọ́. Ọ̀nà àbáyọ kan wà: kí ẹnì kan láti ilé onílé rẹ̀ tún bu omi fún un. Ó wá jókòó sẹ́bàá ọ̀nà tó wọ ilé wa, lábẹ́ igi ẹ̀mí tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, láàárọ̀ lójoojúmọ́. Ìyá Àgbà máa ń jókòó sójú fèrèsé, á máa wò ó. Ìyá mi bi í pé, “Ìyá, ṣé kí n bu omi náà?” Ìyá Àgbà ní, “Bí a bá bu omi fún un, a ti ní ọmọ wa purọ́ nìyẹn. Ọmọ ẹni kò ṣeé fún ẹkùn pa jẹ.” Nígbà yẹn, mo rò pé ó gbà mí gbọ́. Lọ́jọ́ kan, mo bu omi sínú igbá, mo gbé e, mo ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo rìn dé ìdajì ọ̀nà. Ó rí mi. Ó nà róró níbi tó jókòó sí. Mo dúró. Mo rò nípa pàṣán bàbá mi, mo rò nípa ohùn mi tó já gaara níwájú gbogbo ènìyàn. Mo gbé igbá náà sẹ́nu, mo mu omi náà tán lójú rẹ̀, mo sì sáré padà sílé bí ẹni tí òùngbẹ kàn ń gbẹ.

Òjò àkọ́rọ̀ kò tí ì rọ̀ tí a kò fi rí i mọ́. Àwọn kan ní ó padà gba inú àpáta lọ sí ayé tó ti gbẹ. Àwọn kan ní wọ́n rí i lọ́nà Ìsẹ́yìn. Omi tí mi ò sẹ́ yẹn kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Sòbìà kò mú ẹnikẹ́ni nílé wa lọ́dún tó tẹ̀lé e. Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti èmi kò rí bẹ́ẹ̀, torí òtítọ́ kò tilẹ̀ jáde nílé. Mo lọ sí yunifásítì. Mo tilẹ̀ kọ àròkọ gígùn kan níbẹ̀ nípa ìjọba ìkòkò ní Ìsọdá, olùkọ́ mi sì yìn mí pé mo kọ ọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀. N kò kọ nípa ẹ̀rí sínú rẹ̀. Nígbà tí Ìyá Àgbà ń kú lọ, ó lé gbogbo ènìyàn jáde, ó sì di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Orúkọ kan wà lọ́wọ́ mi. Ìwọ ni mo fi sílẹ̀ fún, Àkànní. Ìdí ilé adìyẹ ni mo ti rí aṣọ náà, lọ́jọ́ tí wọ́n mú àlejò wa wọ agbo. Èmi náà ò lẹ́nu.” Ó ti rí i láti ìgbà náà. Àwa méjèèjì ti ń jẹun nínú àwo kan náà fún ọdún mélòó kan, kálukú sì ń pa tirẹ̀ mọ́ sínú.

Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá yìí ni mo wálé wá tún òrùlé bàbá mi ṣe, mo sì gun ọ̀kadà lọ sí Ìsọdá. Ìlú náà ti tóbi. Omi ẹ̀rọ ti dé, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń pọnmi sínú ìkòkò ńlá wọn. Mo wo inú rẹ̀, ó gbẹ, aláǹgbá kan wà nísàlẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ kí mi, ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ọmọ Ìdèrè.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá. Ẹ ò wá lásìkò tó dáa. Ọ̀sẹ̀ Àkànní la wà.”

Mo ní, “Ọ̀sẹ̀ ta ni?”

“Àkànní. Ọmọdé kan ni láyé àtijọ́, ọmọ tíṣà Ìdèrè. Wọ́n ní kì í purọ́. Ẹni tó yẹ kó ni ọ̀sẹ̀ yìí ò lórúkọ, ọ̀sẹ̀ ò sì lè wà láìlórúkọ, ni wọ́n bá fi orúkọ ẹlẹ́rìí pè é. Kò sẹ́ni tó ń jẹ ìjọba lọ́sẹ̀ yìí, kálukú ló ń wá omi tiẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín. “Àbúrò mi gan-an, Àkànní ló ń jẹ́. Màmá mi ní kó lè máa sọ òótọ́. Irọ́ ẹ̀ ò lẹ́gbẹ́.” Ó mú omi inú ọ̀rá kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi. “Ẹ gbà, ẹ mu. N ò ní gbowó. Kí lorúkọ yín, Bàbá?”

Mo gba omi náà. Orúkọ ìsàmì mi ni mo sọ fún un. Ó dìde lọ dá oníbàárà kan lóhùn, òjìji rẹ̀ sì kù níwájú mi fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń wò mí, ó na ọwọ́ méjèèjì síbẹ̀.

Mo ti dàgbà jù láti tún gbé igbá dé ìdajì ọ̀nà. Ìwé yìí ni mo lè gbé, mo sì ti ní kí wọ́n mú un dé Ìsọdá, kí wọ́n kà á sókè nídìí ìkòkò, lọ́sẹ̀ tí wọ́n ń fi orúkọ mi pè. Èmi ni Àkànní. Èmi ni mo mú aṣọ náà. Ẹni tó ni ọ̀sẹ̀ yẹn ni Morẹ́nikẹ́.